Ásíìdì Tí Ń Ṣí Òkú Awọ: Bí Ẹni Tí Awọ Ojú Rẹ̀ Gbẹgẹ́ Ṣe Lè Lò Ó Láìfarapa

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń fi tọ́jú ojú, bóyá ni òmíràn wà tí àṣìlóye pọ̀ nípa rẹ̀ tó ásíìdì tí ń ṣí òkú awọ. Àwọn kan gbọ́ orúkọ náà, wọ́n rántí omi bátìrì, wọ́n sì sá; àwọn mìíràn gbà pé bí ó bá ṣe ń ta ojú tó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, wọ́n sì ń fara da oró tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fara dà. Àwọn méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ ti èkejì ló ń ba ojú jẹ́. Ẹni tí awọ ojú rẹ̀ gbẹgẹ́ lè lo púpọ̀ nínú àwọn ásíìdì wọ̀nyí, bí ó bá mọ èyí tí yóò mú, bí agbára rẹ̀ ṣe yẹ kó mọ, àti iye ìgbà tí yóò máa lò ó. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn ni pé títa ni àmì iṣẹ́.

Ìpele tó wà lókè pátápátá lára awọ wa, èyí tí ọwọ́ ń kàn nígbà tí a bá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, kì í ṣe ohun alààyè mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni, wọ́n rí pẹlẹbẹ, wọ́n sì gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja ní nǹkan bí ipele 15 sí 20, tí ọ̀rá sì kún àárín wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ ti kú, àwọn ni kì í jẹ́ kí omi inú ara gbẹ jáde, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àti kẹ́míkà rí ọ̀nà wọlé. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó wà lókè ń ré bọ́ láìjẹ́ pé a fura, tí tuntun sì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Nínú ara ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, gbogbo ìyípo yìí máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i. Nígbà tí wọn kò bá ré bọ́ bó ṣe yẹ, ojú á máa rí gbágungbàgun, kò ní dán, àwọn ihò ara á dí, irorẹ́ á sì tẹ̀lé e.

Àwọn ìsopọ̀ kéékèèké kan ló di sẹ́ẹ̀lì òkú kan mú mọ́ èkejì. Iṣẹ́ ásíìdì ni láti tú àwọn ìsopọ̀ náà, kí èyí tó ti tó lọ lè lọ. Níwọ̀n ìgbà tí agbára rẹ̀ kò bá kọjá ààlà, kì í jẹ awọ. Kò sì jọ àwọn ìpara oní-hydroquinone tàbí oní-mẹ́kúrì, tí wọ́n ń dí ara lọ́wọ́ kó má lè ṣe èròjà tí ń mú awọ dúdú. Ẹni tó bá ń retí pé kí àwọ̀ òun yí padà ti wá sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Eugene Van Scott àti Ruey Yu, gbé ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe fi irú àwọn ásíìdì yìí tọ́jú àrùn ichthyosis, èyí tí ń mú kí awọ gbẹ, kí ó nípọn, kí ó sì máa ṣí lápá lápá. Ibẹ̀ ni lílò rẹ̀ fún ẹwà ti wá tàn káàkiri. Ó dára kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ní òkú awọ tó pọ̀ lápọ̀jù, tí ó sì yẹ kí a dín kù. Ọ̀rọ̀ ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹgẹ́ yàtọ̀ sí tiwọn: ohun tó ń dáàbò bò ó kò pọ̀ tó láti fi ṣòfò, nítorí náà ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ń lò láìsí wàhálà lè pọ̀ jù fún un.

Ìdílé mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín àwọn ásíìdì wọ̀nyí sí, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. AHA ni àwọn tó ń yòrò nínú omi, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí awọ: glycolic acid, lactic acid àti mandelic acid wà lára wọn. BHA tí à ń rí lára ìgò, salicylic acid ni. Òun ń yòrò nínú ọ̀rá, nítorí náà ó lè wọ inú ihò ara tí òróró ti dí, ó sì máa ń pẹ̀tù sí wíwú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bá a nínú oògùn irorẹ́. PHA ni àbúrò gbogbo wọn, àwọn bíi gluconolactone àti lactobionic acid.

Ohun tó yẹ kí ẹlẹ́gẹ́ awọ wò nínú ìdílé wọ̀nyí ni bí èérún wọn ṣe tóbi tó, nítorí pé èyí tó kéré ló ń tètè wọlé. Ìwọ̀n èérún glycolic acid jẹ́ 76, òun ló kéré jù, òun náà ló sì ń ta jù. Ti lactic acid jẹ́ 90. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé ó wà lára àwọn èròjà tí awọ fúnra rẹ̀ fi ń di omi mú, nítorí náà ó ń mú awọ rọ̀ bó ṣe ń ṣí òkú rẹ̀. Mandelic acid jẹ́ 152, ìyẹn ìlọ́po méjì ti glycolic, ó sì máa ń wọlé jẹ́jẹ́. Gluconolactone jẹ́ 178, lactobionic acid sì jẹ́ 358. Àwọn méjèèjì máa ń fa omi mọ́ra, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ibi PHA ni mo ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹgẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí mandelic acid tí kò lágbára púpọ̀. Òkìkí glycolic acid ló ń mú kí gbogbo ènìyàn sáré lọ bá a ṣáájú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn fún irú wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù lọ ni ti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìgò. Wọ́n á rí 5%, wọ́n á rí 10%, wọ́n á sì gbà pé ìkejì le ju ìkíní lọ ní ìlọ́po méjì. Ìdá yẹn kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ásíìdì bá wà nínú omi, apá kan nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ásíìdì gidi, apá kejì ti yí padà di iyọ̀ rẹ̀, apá tó ṣì jẹ́ ásíìdì ló sì ń wọ awọ lọ dáadáa. Ohun tó ń pinnu bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó ni pH, òṣùwọ̀n kíkan: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i, ìṣísẹ̀ kan péré sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ wo ìgò méjì tí glycolic acid wà nínú wọn. Wọ́n kọ 10% sára ìkíní, pH rẹ̀ sì jẹ́ 5. Wọ́n kọ 5% sára ìkejì, pH tirẹ̀ sì jẹ́ 3. Ẹni tó bá wo ìdá nìkan á ní ìkíní ló le. Ṣùgbọ́n ní pH 5, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 glycolic acid inú ìgò náà ló ṣì wà ní ipò ásíìdì gidi, nígbà tí ó jẹ́ pé ní pH 3 ó máa ń tó ìdá 87 nínú 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgò 10% yẹn ní nǹkan bí 0.6% tó ṣì jẹ́ ásíìdì gidi, ìgò 5% sì ní èyí tó lé ní 4%. Èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kéré ló fi nǹkan bí ìlọ́po méje le ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹnì kan fi lè máa lo 10% láìsí wàhálà, tí 5% ti ilé iṣẹ́ mìíràn á sì jó o lójú.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń yẹ èròjà ìṣaralóge wò ní Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò láti ìparí àwọn ọdún 1990. Àbá wọn ni pé kí glycolic acid àti lactic acid inú ohun tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀ nílé má ju 10% lọ, kí pH rẹ̀ má sì lọ sílẹ̀ ju 3.5 lọ. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò dá ọ̀kan sọ láìdá èkejì. Ààlà gbogbogbòò sì ni èyí jẹ́. Fún awọ ẹlẹgẹ́, mo gbà pé ó yẹ kí a jìnnà sí etí ààlà náà dáadáa. Ní ti salicylic acid, 0.5% sí 2% ni òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè nínú oògùn irorẹ́ tí a lè rà láìmú ìwé dókítà lọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan kò bá kọ pH sára ìgò, tí kò sì sí ibi tí a ti lè rí i, àìmọ̀ yẹn tó ìdí láti fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní awọ ẹlẹgẹ́? Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tí wọ́n kóra jọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè lábẹ́ ẹgbẹ́ tí ń ṣèwádìí ara yíyún ṣe àlàyé rẹ̀ pé ó jẹ́ awọ tí ń ta, tí ń jó, tí ń yún tàbí tí ń dunni nítorí ohun tí kò yẹ kó fa irú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ohunkóhun hàn lójú. Ẹni tó ń jó mọ̀ pé òun ń jó. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì tí à ń sọ yìí ni àwọn oníṣègùn fi ń dán irú awọ bẹ́ẹ̀ wò. Frosch àti Kligman ló ṣàlàyé ìdánwò náà ní ọdún 1977: wọ́n á fi lactic acid sí ilà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí igun ẹnu, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì ní kí onítọ̀hún sọ bó ṣe ń ta á tó. Wọ́n mú ibẹ̀ nítorí pé ó ń tètè mọ nǹkan lára. Àwa náà lè kọ́gbọ́n níbẹ̀: kí a tó fi ásíìdì kan ojú, kí a kọ́kọ́ fi basilíìnì díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ imú, igun ẹnu àti etí ojú.

Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹlẹ́gẹ́ awọ ni kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ohun tí wọ́n ń kó sójú ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ásíìdì tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó dá gbogbo nǹkan dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó máa lo ọṣẹ ojú tí kò le, ìpara tí ń mú awọ rọ̀ tí kò ní lọ́fíńdà, àti ìpara ààbò oòrùn, kó mọ síbẹ̀. Bí ìpara lásán bá ń ta á, tàbí tí omi bá ń ta á, ààbò ojú rẹ̀ ti ya, àkókò ásíìdì kò tíì tó.

Lẹ́yìn èyí, ibi kékeré kan ní inú apá, nítòsí ìgúnpá, ni ká ti kọ́kọ́ dán an wò. Kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo kí a sì ní ó ti dára. Ojú kan náà ni kí a máa fi í sí fún ọjọ́ 7 sí 10, nítorí pé awọ máa ń pẹ́ kí ó tó fi àìfẹ́ rẹ̀ hàn. Bí apá bá gbà á, kí a fi díẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, ká tó wá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí a bá máa fi sí gbogbo ojú, ẹ fi ọṣẹ tí kò ní ásíìdì fọ ojú, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú, nítorí pé awọ tó tutù máa ń jẹ́ kí nǹkan tètè wọlé. Ẹ fi ìpara díẹ̀ sí i ṣáájú. Àwọn kan á ní èyí ń dín agbára ásíìdì kù, òótọ́ ni, ohun tí à ń wá sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ásíìdì náà sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì tún fi ìpara bò ó. Ẹni tí èyí bá ṣì le fún lè fi í sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré kó sì ṣàn án kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún oṣù àkọ́kọ́. Bí ojú bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì, n kò sì rí ohun tí ẹlẹ́gẹ́ awọ ń wá kọjá ibẹ̀, ohunkóhun tí ìpolówó ọjà bá wí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí retinol àti tretinoin, tí wọ́n jẹ́ ìbátan fítámì A, àti benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́, sinmi, kí kàn-ìn-kàn-ìn àti ohun tí a fi ń ha ojú má sún mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n tàbí tó fi ìda fa irun ojú ní láti dúró títí awọ yóò fi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àkópọ̀ nǹkan púpọ̀ ló ń pa awọ lára, kì í ṣe ásíìdì kan. Ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò sórí tábìlì, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọ́pọ̀ láti rí salicylic acid nínú ọṣẹ ojú, glycolic acid nínú omi tí a fi ń nu ojú, lactic acid nínú ìpara alẹ́, kí olóhun náà sì máa búra pé ásíìdì kan ṣoṣo lòun ń lò. Bí a bá sì rí hyaluronic acid, kí àyà má já wa: òun kì í ṣí òkú awọ rárá, omi ló ń fà mọ́ra. Stearic acid náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rá ni. Ní ìdàkejì, lọ́fíńdà, menthol tàbí ọtí tí wọ́n kọ ní alcohol denat. lè jẹ́ ohun tó ń ta ojú gan-an, kí ásíìdì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Títa díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bí a ti fi í sí, tí ó sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò burú, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń lépa. PHA lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìta ẹnikẹ́ni. Jíjó tó ń le sí i dípò kó rọlẹ̀, ojú tó ń gbóná, tó wú, tó fà, tó ń dán lọ́nà tí kò bójú mu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìwọ̀nyẹn ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé kí a máa wá pípọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ibẹ̀ lè kàn dúdú sí i tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò, nítorí náà ẹ̀yìn ọwọ́ tí a fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń gbóná ṣeé gbára lé ju dígí lọ.

Ọ̀rọ̀ oòrùn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwádìí tí FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn ènìyàn fi lo AHA, ìtànṣán oòrùn tètè ń pọ́n awọ wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 18 nínú 100, àti pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ìyàtọ̀ náà ti lọ. Ní ọdún 2005, àjọ náà dábàá pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa kọ ìkìlọ̀ oòrùn sára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Alẹ́ nìkan ni kí a máa lo AHA, kí a sì máa fi ìpara ààbò oòrùn tí SPF rẹ̀, nọ́ńbà tí ń sọ bí ààbò rẹ̀ ṣe tó, kò dín ní 30 sí ojú láràárọ̀, títí kan àwọn òwúrọ̀ tí a kò lo ásíìdì ní alẹ́ tó ṣáájú wọn. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa pẹ́ nínú oòrùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè dáwọ́ ásíìdì dúró láti òní.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n lò ó láìbá oníṣègùn awọ sọ̀rọ̀: ẹni tí eczema (àrùn awọ tí ń yún) tàbí rosacea (àrùn tí ń mú ojú pọ́n) rẹ̀ ń jà lọ́wọ́, ẹni tí egbò wà lójú rẹ̀ tàbí tí oòrùn ti jó, ẹni tó ń mu isotretinoin, oògùn irorẹ́ tí a ń gbé mì, àti ọmọdé. Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ yẹra fún salicylic acid, nítorí pé ìbátan ni wọ́n. Aláboyún náà kò gbọ́dọ̀ fi í pa ibi tó fẹ̀ lára. Ní ti àwọn ásíìdì olóró 20% títí dé 70% tí àwọn oníṣègùn fi ń ṣí awọ, kò sí ẹlẹ́gẹ́ awọ tó yẹ kó fọwọ́ kàn án nílé. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FDA kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ra irú rẹ̀ lò láìsí onímọ̀ tí ń mójú tó wọn, nítorí pé ó ń jó awọ, ó sì ń fi àpá sílẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ojú jó, omi tútù ni kí a fi ṣàn án jẹ́jẹ́, kí a sì ṣàn án pẹ́. Ẹ má ṣe bu sódà tàbí ohunkóhun sí i pé ẹ fẹ́ pa ásíìdì náà. Ìpàdé àwọn méjèèjì lórí awọ lè mú ooru wá, sódà fúnra rẹ̀ sì ń ba ààbò awọ jẹ́. Bí ó bá ta sí ẹyinjú, tàbí tí awọ bá lé ròrò, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́yìn omi. Lẹ́yìn náà kí a padà sí ọṣẹ tí kò le, ìpara àti basilíìnì nìkan títí ara yóò fi yá, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Awọ dúdú tó bá jó sábà máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀ tí yóò lo oṣù púpọ̀ kó tó ṣí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sínú kòtò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ásíìdì kan náà ni wọ́n tún máa ń gbé láti fi pa àpá tí ó dá sí wọn lójú rẹ́. Ẹ fi àpá náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìpara ààbò oòrùn. Nígbà tí ojú bá ti balẹ̀ pátápátá, tí ìpara lásán kò ta á mọ́ rárá, ẹni tó bá ṣì fẹ́ ásíìdì lè tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti inú apá, pẹ̀lú èyí tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá sì tún jó o pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, kí ó gbé ìgò náà lọ fi han oníṣègùn awọ.